Owó Ilé Ọdún Kejì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní 2016, mo ní kí ọmọ kíláàsì mi kan mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá. Ó ní òun kò rí i. Mo ní kó tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì ká jọ wá a. Kànìnkànìn àti ọṣẹ tí wọ́n wé sínú ọ̀rá dúdú ló kọ́kọ́ jáde. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọnu mẹ́ta tẹ̀lé e, ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ tí kò tíì gbẹ, abọ́ oníke kan, àti fáìlì tí ìwé ìbí òun àtàwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀. Kóró ata gbígbẹ lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kò sí níbẹ̀.

"Kí lo ń kó gbogbo èyí kiri fún?"

"Màmá mi ni wọ́n ní kí n máa gbé e dání, mà. Wọ́n máa ń ti ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀."

Nígbà tí ilé-ìwé parí, mo tẹ̀lé e lọ sí ọjà Ìpàta ní Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ jókòó ti agbọ̀n ata, ó ń ṣa èyí tó ti ń rà kúrò. Bó ṣe rí mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ kí n tó lanu. "Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, kí ló jí?" Mo ní kò jí nǹkan kan, ibi tí wọ́n ń sùn ni mo wá wò. Ojú rẹ̀ walẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, níbi tí wọ́n ń kó àpò ata gbígbẹ sí. Láàárín àpò àti ògiri, àyè kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Ibẹ̀ ni òun àti ọmọ mẹ́ta ti ń sùn láti oṣù márùn-ún. Mi ò dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí sín, tí omi ń dà lójú mi. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ń ṣeré nílẹ̀ níbẹ̀, kò sín rárá. Ata ti mọ́ ọn lára.

Wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Yàrá kan ni wọ́n háyà. Onílé náà kò lé e lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kó ṣe òpó rẹ̀ pé, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Ọjọ́ kejì tó jáde lópòó ni onílé wọlé wá, ó ní owó ilé ti kọjá oṣù méjì, òun sì ti rí ẹlòmíì tó fẹ́ gbà á. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnì kan, ó ní, "Ta ni mo fẹ́ rojú sọ ọ́ fún, Tíṣà?"

Bí ẹ bá sọ fún ará Ìlọrin pé àwọn ìdílé tí kò ní òrùlé lórí wà láàárín wa, wọn yóò jiyàn. Wọn yóò ní agbo ilé kún ìlú yìí, láti Òkè-Ìmàlè dé Pákátà, láti Àjíkòbí dé Gàmbàrí. Òótọ́ ni. Agbo ilé ọkọ obìnrin yìí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 15 lọ sí ibi tó ń sùn. Yàrá tó yẹ kó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àbúrò ọkọ láti ìgbà pípẹ́. Ìyàwó méjì àti ọmọ méje ló wà níbẹ̀. Ta ni yóò lé ta ni? Aláìnílé tiwa kì í sábà sùn sójú títì níbi tí èèyàn yóò ti rí i. Ó wà ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń jí kí ará ilé tó jí kó lè ká ẹní kúrò nílẹ̀. Ó wà nínú ilé tí wọn kò tíì parí, ó ń bá wọn ṣọ́ búlọ́ọ̀kù. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo báàgì àwọn ọmọ ilé-ìwé. Báàgì tó bá wúwo ju ìwé lọ, mo máa ń béèrè.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn ìyá alásàlátù mọ́ṣáláṣí wa. Àríyànjiyàn ọjọ́ náà gùn. Àwọn kan ní ká kọ́kọ́ fún un lówó kó fi ró òwò rẹ̀ lágbára, kó fi èrè rẹ̀ wá ilé. Àwọn kan ní ká bá a wá ọkọ. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ní ọ̀rọ̀ òwò ló kàn. Àlájà tó dàgbà jù nínú wa, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló béèrè pé, "Ẹni tí kò rí oorun sùn, òwò wo ni yóò ṣe?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó kà pé ní New York, ní 1992, Sam Tsemberis bẹ̀rẹ̀ ètò kan lórí irú èrò yẹn fún àwọn aláìnílé tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà: kí wọ́n ríbi gbé ná, kí ìtọ́jú àti gbogbo ìyókù wá bá wọn níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè Finland sì sọ ọ́ di ètò ìjọba láti 2008. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á, mo sì rántí Àlájà, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìjọba máa ń dá sí owó ilé náà lọ́dọọdún. Níbí, àwa obìnrin 23 tó jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ náà ni ìjọba.

Àáfà wa ló là wá lóye nípa owó. Ó ṣí Súrà Tawbah, ẹsẹ 60, níbi tí Ọlọ́run ti ka oríṣi ènìyàn 8 tí sàká tọ́ sí. Tálákà wà níbẹ̀, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn náà wà níbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń yọ sàká lè yọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí láìṣiyèméjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó yàrá pé.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fetí sí i dáadáa. Yàrá tí a gbà fún un wà ní Ẹyẹnkọrin, lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo yàn án. Ó mọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì ti ìgboro. A san owó ọdún kan, a ra ẹní àti ìkòkò, Àáfà ṣàdúrà, a jẹ máásà. Obìnrin náà so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kàn án léraléra bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀. Mo padà sílé, mo sùn bí ẹni tó parí iṣẹ́.

Oṣù méje lẹ́yìn náà, mo lọ ra ata, mo bá ọmọ kékeré yẹn láàárín àpò nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọkọ̀ ata ń já sọ́jà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà náà, èyí tí àwọn èèyàn ti ṣà kù ni yóò rà. Láti Ẹyẹnkọrin, ó ní láti wọ ọkọ̀ méjì, ní àsìkò tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀. Bó bá fi àwọn ọmọ sílẹ̀ sùn, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá kó wọn dání, owó ọkọ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó ń sùn sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó wá kúkú padà síbẹ̀. Yàrá tí a ti sanwó rẹ̀ wà ní títì. Mo ti béèrè gbogbo nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó gba yàrá yẹn, àfi aago tó ń jí.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi ìdílé ni ibi tí wọ́n ti ń jẹun àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń kàwé. Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé láti ibẹ̀ la máa ń wá yàrá sí, bí ó tilẹ̀ kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-n-kọjú-sí-ọ tí èèyàn mẹ́jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan. Òkèlélé la gbà fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ara ògiri yàrá náà kò dán, kò sì sí àjà. Ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, ó sì ń padà wá jí àwọn ọmọ rẹ̀ fún ilé-ìwé.

Ẹ má jẹ́ kí éjẹ́ńtì tàn yín jẹ lórí owó. Owó ilé nìkan kọ́ lẹ máa san. Kọmíṣọ̀n wà níbẹ̀, owó àgíríméǹtì wà níbẹ̀, ìdá mẹ́wàá owó ilé ni wọ́n sábà máa ń gbà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn míì tún ń gba owó kí wọ́n tó mú èèyàn lọ wo ilé. Àwa kì í san ìyẹn mọ́. Ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkóríta mọ yàrá tó ṣófo ládùúgbò ju éjẹ́ńtì lọ, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ máa ń lọ.

Àmọ́ owó ọdún àkọ́kọ́, owó rírọrùn ni. Àánú ń ṣe èèyàn, ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, gbogbo èèyàn ń dáwó. Ọdún kejì ni kò sẹ́ni tó ń rántí. Nínú ìdílé mẹ́fà àkọ́kọ́ tí a bá gba ilé, mẹ́rin ló kúrò nígbà tí owó ọdún kejì pé. Onílé kò lé méjì nínú wọn rárá. Wọ́n rí i pé owó kò sí, wọ́n sì kó ẹrù lóru kí onílé tó béèrè. Ìtìjú ló lé wọn.

Ohun tí a wá ń ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní yàrá kan jẹ́ ₦96,000 lọ́dún. Kò sí alátẹ ata tó lè kó ₦96,000 jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bó bá ń dá ₦300 lójúmọ́, ọjọ́ 320 ló máa pé. Ọjọ́ 45 ṣẹ́ kù lọ́dún fún àìsàn, fún Iléyá, fún ọjọ́ tí ọjà kò bá tà. Láti ọ̀sẹ̀ tí ìdílé bá ti wọlé ni àjọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ara bá rọ̀ wọ́n, torí ara kì í rọ tálákà. Alájọ wa ń wá gbà á lórí àtẹ, ó ń sàmì sí káàdì. Káàdì méjì ni: ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ márùn-ún léra wọn tí kò dá, ẹnì kan nínú wa á lọ kí i. Kí i ni mo wí o, kì í ṣe bi í ní gbèsè. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ló ń ṣàìsàn. Nígbà míì, àbúrò ọkọ ló wá yáwó tí kò lè kọ̀ fún un.

Bó bá ku oṣù mẹ́ta kí owó pé, a máa ń bá ayálégbé lọ sọ́dọ̀ onílé. Ìyẹn le ju àjọ lọ. Ìyá onísọ̀ ata sọ fún mi nígbà tí tirẹ̀ kù sí ₦11,000 pé òun kò lè lọ, pé kí n kúkú bá òun lọ bẹ̀ ẹ́. Mo kọ̀. Mo ní a jọ máa lọ ni, òun ló sì máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó tú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú onílé, ó ní, "Àlàájì, èyí tó wà nìyí. ₦11,000 ló kù, ẹ bá mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún un." Àlàájì wò ó títí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gba owó ilé, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan wá bá òun kí ọjọ́ tó pé. Ó fún un ní oṣù méjì. Ọ̀pọ̀ onílé kì í ṣe ìkà. Wọn kì í kàn rí ojú ayálégbé ni.

Àwọn ìkà wà o. Onílé kan yọ ilẹ̀kùn yàrá ìdílé kan tí a gba ilé fún, nígbà òjò, nítorí gbèsè oṣù kan. Ìyá náà fi ìró ta ojú ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀ di àárọ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Èmi kò mọ nígbà náà pé òfin kò gbà á láyè. Agbẹjọ́rò kan ló jókòó là wá lójú: bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún, ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6 ló tọ́ sí i, ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ọjọ́ 7 tún wà, tí onílé fi ń sọ pé òun ń lọ sílé ẹjọ́ láti gba ilé òun. Ilé ẹjọ́ nìkan ló lè ní kí wọ́n kó ẹrù èèyàn síta. Yíyọ ilẹ̀kùn, ṣíṣí páànù, títi ilẹ̀kùn mọ́ ayálégbé síta, kò sí èyí tó bófin mu nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Alángùá, olórí àdúgbò, la kọ́kọ́ gbé e lọ, ilẹ̀kùn sì padà sáyè rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, Legal Aid Council wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976 láti máa gbẹjọ́ rò fún ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò. Ẹ gba rìsíìtì, ẹ jọ̀wọ́. Owó tí kò bá ní rìsíìtì, níwájú adájọ́, ẹ ò san án.

Ní 2025, ọ̀rọ̀ náà yí padà mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn agbébọn gba oorun lójú àwọn ará Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n kọlu Òkè-Òde, wọ́n pa àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ ìlú. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù lásìkò ìsìn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn lọ kí wọ́n tó padà gba ìtúsílẹ̀. Àwọn ìdílé ń wọ Ìlọrin pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn. Àwọn wọ̀nyí nílé tiwọn o. Ilé wọn wà nídùúró, iṣu wà nínú ọgbà, wọn kò kàn lè sùn síbẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan, Ìgbómìnà, kó ará ilé rẹ̀ wá bá àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní Gáà-Àkànbí. Wọ́n di èèyàn 13 nínú yàrá méjì. Lọ́sẹ̀ kẹta, onílé àbúrò náà ti ń pariwo lórí omi kànga àti ṣáláńgá tó kún. Bí a kò bá tètè débẹ̀, ìdílé méjì ni yóò di aláìnílé. Nítorí náà, ẹni tó gbàlejò la kọ́kọ́ ràn lọ́wọ́: a sanwó kíkó ṣáláńgá, a ra dúrọ́ọ̀mù omi ńlá kan, a gbé àpò gàrí lọ, a sì lọ bá onílé dá oṣù mẹ́ta. Ìyẹn kò ná wa tó ìdajì owó yàrá kan.

Nígbà tí a wá fẹ́ bá bàbá wá yàrá tirẹ̀, ó kọ̀. Ó dúpẹ́ títí, ó sì kọ̀. Mo rò pé ìgbéraga ni, inú mi sì bàjẹ́ díẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn. Bàbá ní bí òun bá san owó ilé ọdún kan ní Ìlọrin, òun ti gbà lẹ́nu ara òun pé òun kò ní padà sílé lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Gbogbo ètò wa, ọdún kan ọdún kan ni a fi ń ṣe é, bí ẹni pé kò sí ẹ̀dá tó ń ka ọjọ́ láti padà sílé. A wá onílé tó lè gba owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Onílé 14 kọ̀. Ìyá àgbà kan ní Gánmọ̀ gbà, ó sì ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé tí kò sẹ́ni tó ń dá a. Mo ti sọ pé ọ̀nà jíjìn ló ba ti ìyá aláta jẹ́. Fún bàbá yìí, Gánmọ̀ ni oògùn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kó débẹ̀ ni mo lọ wò wọ́n. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ti kọ ebè márùndínlógójì, ó ń tún èyí tó gbẹ̀yìn fọwọ́ tẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ibi tí èèyàn ti lè rí èbù iṣu rà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti san owó oṣù mẹ́ta báyìí. Ó ṣì ń pe ilé lórí fóònù lálaalẹ́ láti mọ ẹni tó ti padà.

Ohun kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀ẹ̀rùn lèèyàn sábà máa ń wo ilé, nígbà tí gbogbo òrùlé dára. Lọ́dún kan, a gba yàrá fún opó kan ní oṣù kìíní. Ní oṣù kẹta, ìjì tó ṣáájú òjò ká páànù méjì lọ sí ẹ̀yìn ìgànná, òjò sì rọ̀ sórí ìwé àwọn ọmọ. Ìṣó ti dípẹtà, igi ti jẹrà, kò sì sẹ́ni tó gòkè wò ó nínú wa.

Ọ̀la la ó lọ wo yàrá kan ní Pákátà, fún ìyá kan àti ọmọ mẹ́rin tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìjọ kan láti ọjọ́ 19 sẹ́yìn. Onílé ní kò sí nǹkan tó ṣe òrùlé òun. Ọmọ oníbáàgì yẹn ti di kápẹ́ńtà báyìí, òkè ilé ló ń gùn lójoojúmọ́. Mo pè é lálẹ́ àná. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, òun yóò ti gbé àkàbà débẹ̀ ní aago méje, kí oòrùn tó mú páànù gbóná.